Bí ẹ ṣe lè to àwọn ẹgbẹ́ sípò fún pléọ́ọ̀fù láìdá ìjà sílẹ̀

Ọ̀pọ̀ líìgì kì í dàrú nígbà tí eré bá ń lọ lọ́wọ́. Ọjọ́ tí wọ́n bá fẹ́ to ẹgbẹ́ fún pléọ́ọ̀fù, ìyẹn ìpele kòmẹsẹ̀-ó-yọ tó ń tẹ̀lé líìgì, ló máa ń dàrú. Ẹgbẹ́ méjì ní póìǹtì kan náà, kò sì sí òfin kankan nílẹ̀ tí wọ́n á fi yà wọ́n; akọ̀wé gbé ọ̀kan sókè, ìkejì pariwo mágòmágó. Tàbí kí ẹgbẹ́ tó gba ipò kejì wo àtẹ, ìyẹn ìwé tó ń fi ẹni tí kálukú yóò pàdé hàn, kó rí i pé ẹni tó gba ipò kẹta ni ọ̀nà rẹ̀ dẹrùn jù. Ẹni tó ń darí líìgì ni mo ń bá sọ̀rọ̀ níbí, ì báà jẹ́ ti bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀, ti básíkẹ́ẹ̀tì, ti fọlibọ́ọ̀lù tàbí ti géèmù orí kọ̀ǹpútà.

Òfin kan ló wà nídìí gbogbo ohun tó ń bọ̀ nísàlẹ̀ yìí: ipò tó ga gbọ́dọ̀ sàn ju èyí tó tẹ̀ lé e lọ, láti orí ẹni kìíní títí dé orí ẹni tó wọlé kẹ́yìn. Níbi tí òfin yìí bá ti já, ẹgbẹ́ kan yóò wà tí pípàdánù yóò ṣe láǹfààní ju bíborí lọ, ẹ ó sì fojú ara yín rí i lórí pápá.

Ohun tí ẹ nílò kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀

- Iye ẹgbẹ́ tó wà nínú líìgì àti iye eré tí kálukú yóò gbá.
- Iye ọjọ́ tó wà láàárín ìparí líìgì àti ọjọ́ àṣekágbá, àti iye pápá tó wà nílẹ̀.
- Ìwé èsì tó pé: ẹni tó gbàlejò, góòlù tó wọlé, góòlù tó jáde, káàdì yẹ́lò àti káàdì pupa. Ìwé tó kan kọ "A borí B" kò tó.
- Èèyàn mẹ́ta tí kò ní nǹkan kan ṣe pẹ̀lú ẹgbẹ́ kankan, tí yóò yẹ tábìlì wò, tí yóò sì buwọ́ lù ú.
- Òfin tó ti wà lákọsílẹ̀ kí eré àkọ́kọ́ tó wáyé. Bí sáà yín bá ti bẹ̀rẹ̀, òfin tó wà nílẹ̀ ni kí ẹ fi parí rẹ̀, bó ti wù kó burú tó. Ẹ gbé tuntun lọ sí sáà tó ń bọ̀.

Ìpele 1: Ẹ pinnu iye ẹgbẹ́ tí yóò wọlé

Àtẹ tó rọrùn jù ni ti ẹgbẹ́ 4, 8 tàbí 16, torí pé ìdajì ló ń lọ sílé ní ìpele kọ̀ọ̀kan títí yóò fi ku ẹnì kan. Bí iye tí ẹ fẹ́ kò bá sí lára wọn, àwọn kan gbọ́dọ̀ sinmi ní ìpele àkọ́kọ́. Ẹ mú nọ́ńbà tó tẹ̀ lé e nínú àwọn tí mo kà yẹn, kí ẹ yọ iye ẹgbẹ́ yín kúrò nínú rẹ̀; èyí tó kù ni iye àwọn tí yóò sinmi. Ẹgbẹ́ 6: 8 yọ 6, àwọn 2 yóò sinmi. Ẹgbẹ́ 12: àwọn 4. Láti 2020 ni NFL, líìgì bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà tó pín sí apá méjì, ti ń mú ẹgbẹ́ 7 wọlé láti apá kọ̀ọ̀kan, ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé ẹnì kan péré ló ń sinmi ní apá kọ̀ọ̀kan.

Ìsinmi yìí kì í ṣe ohun tí à ń ṣẹ́ kèké lé lórí. Ti àwọn tó wà lókè pátápátá ni. Ní tèmi, iye tó ń wọlé kò yẹ kó ju ìdajì líìgì lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé NBA, líìgì básíkẹ́ẹ̀tì Amẹ́ríkà, ń mú 16 nínú 30. Bí ẹgbẹ́ 12 bá wọlé nínú 14, kí wá ni a fi gbogbo sáà ṣe?

Àyẹ̀wò: bí eré kan ṣoṣo bá ń yọ ẹgbẹ́ kan, gbogbo eré pléọ́ọ̀fù yóò fi ọ̀kan dín sí iye ẹgbẹ́. Ẹgbẹ́ 6, eré 5. Bí tiyín kò bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ ti ṣi ìsinmi kà.

Ìpele 2: Ẹ yan ohun tí ẹ ó fi tò wọ́n

Bí gbogbo ẹgbẹ́ bá pàdé ara wọn ní iye ìgbà kan náà, póìǹtì ni ẹ ó lò, ó tán. Ìgbà tí iye eré kò bá dọ́gba tàbí tí líìgì bá pín sí ẹkùn (ìpín ńlá) àti ìsọ̀rí (ìpín kékeré inú ẹkùn) ni ọ̀rọ̀ ń le.

Bí eré kan kò bá lè wáyé mọ́, ẹ má ka póìǹtì lásán. Ẹ pín in sí iye eré. Ẹgbẹ́ tó ní póìǹtì 38 nínú eré 20 ní 1.90 lórí eré kọ̀ọ̀kan. Ẹgbẹ́ tó ní 37 nínú eré 19 ní 1.95, òun ló wà lókè. Irú ìṣirò yìí ni NHL, líìgì họ́kì orí yìnyín, lò ní 2020, nígbà tí àrùn kòrónà dá sáà wọn dúró tí iye eré tí àwọn ẹgbẹ́ ti gbá kò sì dọ́gba.

Ti ìsọ̀rí ló ń bá àwọn líìgì ńlá pàápàá jà. Wọ́n á ní ẹni tó bá gba ìsọ̀rí rẹ̀, ìyẹn ẹni tó ṣe ipò kìíní nínú rẹ̀, gbọ́dọ̀ ga ju gbogbo ẹni tí kò gba ìsọ̀rí lọ, iye yòówù kó borí. Ní sáà NFL 2010, eré 7 ni Seattle Seahawks borí, wọ́n pàdánù 9. Síbẹ̀ àwọn ló gba ìsọ̀rí wọn, New Orleans Saints tó borí 11 ló sì lọ bá wọn nílé, Seahawks sì fi 41 sí 36 lu àlejò. Ní sáà 2024, Minnesota Vikings borí 14 nínú 17, nọ́ńbà 5, ìyẹn ipò karùn-ún nínú àtẹ, ni wọ́n fún wọn, torí pé Detroit Lions tí wọ́n jọ wà ní ìsọ̀rí kan náà borí 15.

Èyí tó burú jù ni ti bésíbọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà, MLB, ní 2022, nínú National League, ọ̀kan nínú ẹkùn méjì MLB. New York Mets borí eré 101, ṣùgbọ́n wọn ò gba ìsọ̀rí wọn, wọ́n di nọ́ńbà 4. St. Louis Cardinals borí 93, wọ́n gba ìsọ̀rí tiwọn, wọ́n di nọ́ńbà 3. Ìlànà wọn ni pé 3 ń pàdé 6, 4 ń pàdé 5. Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀: San Diego Padres tó jẹ́ nọ́ńbà 5 ní láti kojú ẹgbẹ́ tó borí 101, Philadelphia Phillies tó jẹ́ nọ́ńbà 6 kojú ẹgbẹ́ tó borí 93. Ẹni tó ṣe dáadáa jù ló ru ẹrù tó wúwo jù. Padres àti Phillies borí, Phillies sì bá a dé World Series, ìyẹn àṣekágbá MLB, ṣùgbọ́n èyí kò sọ òfin náà di òfin rere.

Ohun tí mo fara mọ́ ni pé kí gbígba ìsọ̀rí ra ìwọlé fún ẹgbẹ́, kó má ra ipò fún un. Ẹ mú àwọn tó gba ìsọ̀rí wọlé bí ẹ bá fẹ́, lẹ́yìn náà kí ẹ fi èsì gbogbo sáà to gbogbo àwọn tó wọlé. NBA ti rìn sún mọ́ èyí ní 2015, nígbà tí wọ́n pa á rẹ́ pé ẹni tó gba ìsọ̀rí gbọ́dọ̀ wà nínú mẹ́rin àkọ́kọ́.

Ti ẹkùn ńkọ́? Bí àwọn ẹkùn méjì kò bá pàdé rárá nínú sáà, ẹ má da tábìlì wọn pọ̀, torí pé póìǹtì 40 ní ẹkùn tó rọ̀ kì í ṣe póìǹtì 40 ní ẹkùn tó le. Ẹ tò wọ́n lọ́tọ̀, kí ẹni kìíní ẹkùn kan pàdé ẹni tó wọlé kẹ́yìn ní ẹkùn kejì. Bí wọ́n bá ń pàdé dáadáa, ẹ dà wọ́n pọ̀: WNBA, líìgì básíkẹ́ẹ̀tì àwọn obìnrin Amẹ́ríkà, ṣe bẹ́ẹ̀ láti 2016, ẹgbẹ́ 8 tó dára jù ló ń wọlé láìwo ẹkùn.

Àyẹ̀wò: ẹ fi òfin tuntun yìí to èsì sáà tó kọjá. Ẹ wá ẹgbẹ́ tó borí jù ṣùgbọ́n tó wà nísàlẹ̀ ẹni tó borí díẹ̀. Bí ẹ bá rí ọ̀kan, ṣé ẹ lè kojú akọ́nimọ̀ọ́gbá rẹ̀ kí ẹ ṣàlàyé fún un? Bí ẹnu yín bá ń kólòlò, ẹ tún òfin náà ṣe.

Ìpele 3: Ẹ kọ bí ẹ ó ṣe ya àwọn tó bá dọ́gba

Ibí ni kí ẹ ti fara balẹ̀ jù. Ẹ kọ ó kéré tán ohun márùn-ún, kí ẹ tò wọ́n lẹ́sẹẹsẹ, kí ìkẹyìn jẹ́ ohun tí kò lè dọ́gba láé. Bí mo ṣe máa ń tò ó fún líìgì tó gùn rèé:

1. Iye eré tí ẹgbẹ́ borí.
2. Ìyàtọ̀ góòlù nínú gbogbo sáà.
3. Èsì ojúkojú láàárín àwọn tó dọ́gba.
4. Iye góòlù tí wọ́n jẹ.
5. Eré kan láti yà wọ́n bí ọjọ́ bá wà. Bí kò bá sí, kèké.

Ẹlòmíì á gbé ojúkojú ṣáájú ìyàtọ̀ góòlù. Kò burú, ṣùgbọ́n eré 20 máa ń sọ òótọ́ ju eré 2 lọ. Ojúkojú sì ní ewu kan: ó lè jẹ́ kí ẹgbẹ́ méjì mọ èsì tó máa gbé àwọn méjèèjì wọlé kí wọ́n tó wọ pápá. Ní Euro 2004, Sweden àti Denmark mọ̀ pé bí àwọn bá gbá ọ̀mì 2 sí 2 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, Ítálì ń lọ sílé, ohun yòówù kí Ítálì ṣe sí Bulgaria. 2 sí 2 náà ló parí sí. Ítálì borí nínú eré tiwọn, wọ́n sì lọ sílé. Wọn ì báà ṣàdéhùn, wọn ì báà má ṣe, òfin ló ṣílẹ̀kùn fún ìfura.

Níbi tí ìyàtọ̀ ayò ti lè fẹ̀ gan-an, bíi básíkẹ́ẹ̀tì, ẹ fi òdiwọ̀n sí iye tí ẹ ó kà nínú eré kan, kí ẹnikẹ́ni má bàa máa lu ẹgbẹ́ aláìlera ní àlùbolẹ̀ nítorí tábìlì.

Káàdì ńkọ́? Ní Ife Àgbáyé 2018, Japan àti Senegal dọ́gba nínú póìǹtì, nínú ìyàtọ̀ góòlù, nínú iye góòlù, ọ̀mì 2 sí 2 ni wọ́n sì gbá fúnra wọn. Káàdì yẹ́lò ló yà wọ́n: Japan gba 4, Senegal gba 6, Senegal ló lọ sílé. Bí ẹ bá fẹ́ lo káàdì, ẹ rí i dájú pé rẹfirí yín ń kọ ọ́ sílẹ̀ bákan náà ní gbogbo pápá. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, kèké ṣì sàn jù ú lọ. Ojú kì í sì í ti ẹni tó ṣẹ́ kèké ní gbangba: bí Guinea ṣe kọjá tí Mali sì lọ sílé nìyẹn ní Ife Áfíríkà 2015, lẹ́yìn tí gbogbo eré àwọn méjèèjì ti parí sí 1 sí 1.

Ibi tí ó ti ń dàrú jù ni ìgbà tí ẹgbẹ́ mẹ́ta bá dọ́gba. A lu B, B lu C, C lu A. Ojúkojú di òbìrípo. Ẹ fi èsì àwọn mẹ́ta sí ara wọn ṣe tábìlì kékeré kan. Bí ọ̀kan bá yọ lókè tí àwọn méjì sì ṣì dọ́gba, ṣé ẹ ó padà sí ohun àkọ́kọ́ fún àwọn méjì yìí nìkan, àbí ẹ ó tẹ̀síwájú sí ohun tó kàn? Èsì ọ̀nà méjèèjì lè yàtọ̀ pátápátá. Èyíkéyìí tí ẹ bá mú ló dára, ṣùgbọ́n ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Àìkọ gbólóhùn kan yìí ló ń gbé líìgì dé iwájú ìgbìmọ̀ ẹjọ́.

Àyẹ̀wò: ẹ fún èèyàn méjì tí kò jókòó papọ̀ ní tábìlì tí ẹgbẹ́ mẹ́ta ti dọ́gba, kí kálukú fi òfin yín tò ó. Bí ìdáhùn wọn bá yàtọ̀, òfin náà kò tíì yé.

Ìpele 4: Ẹ ya àtẹ

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù rèé: wọ́n á kọ 1–8, 2–7, 3–6, 4–5 láti òkè dé ìsàlẹ̀, wọ́n á wá so èyí tó wà nítòsí pọ̀. Nọ́ńbà 1 àti 2 yóò pàdé kí àṣekágbá tó dé! Ìlọ́po ni kí ẹ lò. Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 1 àti 2, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀. Fún ẹgbẹ́ 4, ẹ fi ẹni tó máa mú àròpọ̀ di 5 sẹ́gbẹ̀ẹ́ kálukú: 1–4, 2–3. Fún ẹgbẹ́ 8, àròpọ̀ di 9:

1–8
4–5
2–7
3–6

Àwọn tó borí nínú eré méjì àkọ́kọ́ yóò pàdé ara wọn, àwọn tó borí nínú méjì ìkẹyìn yóò pàdé ara wọn. Fún ẹgbẹ́ 16, àròpọ̀ jẹ́ 17: 1–16, 8–9, 4–13, 5–12, 2–15, 7–10, 3–14, 6–11. Bí àwọn kan bá ń sinmi, ẹ kọ "ìsinmi" sí ibi tí nọ́ńbà tí kò sí yẹ kó wà. Fún ẹgbẹ́ 6, kò sí nọ́ńbà 7 àti 8, nítorí náà 2 àti 1 ló ń sinmi.

Àyẹ̀wò: ẹ ṣe bí ẹni pé ẹni tó ga ló borí nínú gbogbo eré. Fún ẹgbẹ́ 8, àròpọ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ 9 ní ìpele àkọ́kọ́, 5 ní ìpele tó tẹ̀ lé e, 3 ní àṣekágbá.

Ìpele 5: Àtẹ tó dúró, tàbí àtẹ tí à ń tún tò?

Bí nọ́ńbà 8 bá lu nọ́ńbà 1, nínú àtẹ tó dúró, ẹni tó bá yọ láàárín 4 àti 5 ló ń jẹ àǹfààní rẹ̀, nọ́ńbà 2 kò rí nǹkan kan. NBA àti MLB gbà á bẹ́ẹ̀. NFL kò gbà: lẹ́yìn ìpele kọ̀ọ̀kan, ẹni tó ga jù nínú àwọn tó kù ni wọ́n ń fún ní ẹni tó rẹlẹ̀ jù. Ti NFL bá òfin wa mu jù. Ṣùgbọ́n bí àwọn ẹgbẹ́ yín bá ń rin ìrìn-àjò gígùn, tí wọ́n gbọ́dọ̀ mọ ibi tí wọ́n ń lọ kí ọjọ́ tó sún mọ́, ẹ fi àtẹ sílẹ̀ bó ṣe wà. Bí gbogbo eré bá ń wáyé lójú kan, kò sí ìdí kankan láti má tún un tò.

Ìpele 6: Ẹ fún ipò ní iyì

Nọ́ńbà lásán kò já mọ́ nǹkan kan. Ohun mẹ́rin ni ẹ lè fi san ẹgbẹ́ tó wà lókè: alátakò tó rọ̀, pápá ilé, ìsinmi, àti àǹfààní ẹlẹ́ẹ̀kejì.

Bí ó bá jẹ́ eré kan, ilé ẹni tó ga ni kó ti wáyé. Bí ó bá jẹ́ eré méjì, ẹni tó ga ni kó gba ìkejì nílé, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe nínú pléọ́ọ̀fù ìgbéga EFL, àwọn líìgì bọ́ọ̀lù tó wà lábẹ́ Premier League ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Èmi ò ka ìyẹn sí ẹ̀bùn ńlá, eré kan nílé rẹ̀ dára jù ú lọ.

Àǹfààní ẹlẹ́ẹ̀kejì ló níye lórí jù. IPL, líìgì kíríkẹ́ẹ̀tì Íńdíà, ti ń lò ó láti 2011: 1 pàdé 2, ẹni tó borí wọ àṣekágbá tààrà, 3 pàdé 4, ẹni tó pàdánù ń lọ sílé. Ẹni tó pàdánù láàárín 1 àti 2 yóò wá kojú ẹni tó yọ láàárín 3 àti 4. Eré mẹ́rin péré ni gbogbo rẹ̀, mi ò sì tíì rí ètò tó dára jù ú lọ fún líìgì kékeré. NBA ń lo irú rẹ̀ fún àwọn tó wà létí: ẹni tó borí láàárín 7 àti 8 wọlé, ẹni tó pàdánù tún pàdé ẹni tó yọ láàárín 9 àti 10. Nípa bẹ́ẹ̀, eré kan ni 7 nílò láti borí, eré méjì ni 10 nílò.

Ọ̀nà kan tún wà tí inú mi dùn sí: kí ẹgbẹ́ òkè fúnra wọn yan ẹni tí wọ́n fẹ́ pàdé. Líìgì họ́kì kékeré kan ní Amẹ́ríkà, SPHL, bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 2018. Ẹni tó bá yan tí ó sì pàdánù kò lè dá àtẹ lẹ́bi.

Àyẹ̀wò: ẹ kọ ohun tí ipò kọ̀ọ̀kan ń rí gbà sórí ìlà kan. Bí ìlà méjì bá bára mu, àwọn ẹgbẹ́ kò ní jà fún ìyàtọ̀ tó wà láàárín wọn ní ọ̀sẹ̀ ìkẹyìn.

Ìpele 7: Ẹ wá ẹni tí pípàdánù yóò ṣe láǹfààní

Ẹ mú eré ọ̀sẹ̀ ìkẹyìn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Nínú kálukú, ẹ bi ara yín: bí ẹgbẹ́ yìí bá pàdánù, ta ni yóò pàdé, níbo? Bí ó bá borí ńkọ́? Bí ìdáhùn àkọ́kọ́ bá dùn ju ìkejì lọ, ẹ ti rí ihò.

Ní Òlíḿpíìkì London 2012, wọ́n lé ìkọ̀ ẹlẹ́ni-méjì mẹ́rin àwọn obìnrin kúrò nínú badminton, méjì láti South Korea, ọ̀kan láti China, ọ̀kan láti Indonesia, torí pé wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ fẹ́ pàdánù kí wọ́n lè bọ́ sí apá àtẹ tó wù wọ́n. Wọ́n jẹ̀bi, ṣùgbọ́n ẹni tó ya àtẹ náà kò mọ́ lọ́wọ́. Àtúnṣe tí wọ́n ṣe lẹ́yìn náà ni pé wọ́n ń ṣẹ́ kèké fún àwọn tó gba ipò kejì, kí ẹnikẹ́ni má bàa mọ ibi tí yóò bọ́ sí.

Òfin ayò tó ṣàrà ọ̀tọ̀ náà léwu. Ní 1994, nínú ìdíje Ife Karíbíànù, góòlù tó bá wọlé ní àfikún àkókò di méjì. Barbados nílò ìyàtọ̀ góòlù méjì sí Grenada kí wọ́n tó lè kọjá, 2 sí 1 ni wọ́n wà, àkókò ń lọ. Wọ́n gbá bọ́ọ̀lù sínú àwọ̀n ara wọn kí eré lè wọ àfikún àkókò. Grenada náà wá fẹ́ jẹ góòlù sínú àwọ̀n ara wọn tàbí ti Barbados, èyíkéyìí, Barbados sì ń ṣọ́ àwọ̀n méjèèjì. Barbados borí, 4 sí 2.

Àyẹ̀wò kékeré kan tó kù: gbogbo eré ọ̀sẹ̀ ìkẹyìn tó kan ìwọlé gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ ní wákàtí kan náà. Láti Ife Àgbáyé 1986 ni FIFA ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún eré ìkẹyìn ìsọ̀rí.

Ìpele 8: Ẹ múra sílẹ̀ fún ohun tó lè já

Ní January 2023, NFL fagi lé eré Buffalo Bills àti Cincinnati Bengals lẹ́yìn tí agbábọ́ọ̀lù kan dákú lórí pápá. Eré náà kan ipò tí àwọn ẹgbẹ́ yóò wà, àwọn tó ni ẹgbẹ́ sì ní láti dìbò sí òfin tuntun nígbà tí sáà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Bí líìgì tó lówó tó bẹ́ẹ̀ bá lè bọ́ sínú irú èyí, ẹ kọ ìdáhùn sí ìbéèrè wọ̀nyí báyìí: Bí eré kan kò bá wáyé ńkọ́? Bí ẹgbẹ́ bá fi líìgì sílẹ̀, ṣé ẹ ó pa gbogbo èsì rẹ̀ rẹ́? (Èmi á ní kí ẹ pa á rẹ́ bí kò bá tíì gbá ìdajì, bó bá ti gbá a, kí àwọn tó kù gba póìǹtì ọ̀fẹ́.) Ta ló lè yọ póìǹtì kúrò, títí di ọjọ́ wo? Bí pápá ẹni tó ga kò bá ṣeé lò, ibo ni wọ́n ń lọ?

Ní ọjọ́ tí líìgì bá parí, kí àwọn mẹ́ta tí ẹ yàn buwọ́ lu tábìlì lálẹ́ ọjọ́ náà, kí ẹ sì kọ nọ́ńbà òfin tó ya àwọn tó dọ́gba sẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ wọn. Ẹ fún wọn ní wákàtí 24 láti fẹjọ́ sùn, àṣìṣe ìṣirò nìkan ni ẹ ó gbà, ẹ má gba ẹjọ́ lórí òfin fúnra rẹ̀. Bí wákàtí yẹn bá ti kọjá, ẹ tẹ àtẹ jáde, kí akọ́nimọ̀ọ́gbá kọ̀ọ̀kan buwọ́ lu ẹ̀dà tirẹ̀, kí ẹ wá ta tíkẹ́ẹ̀tì.